Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò: Èló Ni Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Yìí Tó Tà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe ilẹ̀. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó kòkó ni. Wọ́n rà á ní tuntun ní 1986. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, àmọ́ ó ti tó bí ọdún méjì tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Oníirin kan wá wò ó, iye tó dá lé e dà bí èébú. Àgbẹ̀ kan ládùúgbò ní òun máa san ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, wá fi àwòrán irú ọkọ̀ náà ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Iye tí wọ́n kọ sí i, tí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó lè ra ilẹ̀. Ó ní ẹni tó bá tà á fún àgbẹ̀ yẹn, òun àti onítọ̀hún ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Èló gan-an ni ọkọ̀ yìí? *Olùkọ́bìnrin, Ìlárò.*

Àbúrò mi, o kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ẹni mẹ́ta ló fowó lé ọkọ̀ yín, kò sì sí òpùrọ́ nínú wọn. Ọjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ìwúwo ni oníirin ń rà. Iṣẹ́ ni àgbẹ̀ ń rà. Ẹni tó fẹ́ ra ti Lyon yẹn, ìgbà èwe ara rẹ̀ ló fẹ́ rà. Ọjà tí ẹ máa gbé e lọ lẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí pé píkọ́ọ̀pù kan náà, lọ́jọ́ kan náà, lè ní iye mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ti Lyon ná, torí òun ló ń tú ilé yín ká. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde, ó sì gba oyè ọkọ̀ tó peregedé jù ní Yúróòpù fún 1969. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn, bí ọdún 1980, ó wá gba ipò 404 tí àwọn bàbá wa fi ń kó iṣu. Ní ilẹ̀ Faransé, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì láti fi yọ́ yìnyín nígbà òtútù ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ló ń wọ́n, àwọn tó sì ń rà á ò fi ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi ṣe fàájì lọ́jọ́ Sunday ni. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kaduna, wọ́n sì ṣì ń to 504 níbẹ̀ nígbà tí ọdún 2000 ti kọjá. Ọkọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó àti Gate n'Ìbàdàn fọ́fọ́, ẹnikẹ́ni ò ní fi owó ohun ọ̀ṣọ́ rà á lọ́wọ́ yín ní Ìlárò.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Iye tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ kì í ṣe iye tí wọ́n tà á. Ẹnu ẹni tó ń tà nìyẹn, ẹnu kì í sì í san owó orí. Bi àbúrò rẹ pé: ta ló rà á? Èló ló kà sílẹ̀? Tó bá ní wọn ò tíì rà á, tí àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá, a jẹ́ pé ọjà ti dáhùn. Kó wá ṣírò owó ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, owó Kọ́sítọ́ọ̀mù wọn, àti owó tí á fi tún un ṣe kí ìjọba wọn tó lè gbà á sójú títì. Tó bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò lára iye tó rí, kó wá sọ èyí tó kù fún wa.

Ti àgbẹ̀ ló kàn. Ọjà tiyín gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbájú mọ́. Kí lo máa ṣe? Lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì Peugeot mẹ́ta, ọ̀kan ní Ìlárò, ọ̀kan l'Ábẹ́òkúta, ọ̀kan níbòmíràn tí wọn ò ti mọ̀ yín. Má sọ pé o fẹ́ tà. Sọ pé o fẹ́ ra 504 píkọ́ọ̀pù tó ń rìn, kí o sì bi wọ́n pé èló ni èyí tí wọ́n tà kẹ́yìn lójú wọn. Lẹ́yìn náà, rán ẹlòmíràn lọ kó sọ pé òun ní ọ̀kan tí òun fẹ́ tà. Iye àkọ́kọ́ á ga, ìkejì á rẹlẹ̀ débi tí inú á bí ọ. Iye tó jẹ́ òótọ́ wà láàárín méjèèjì. Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe é nígbà tí mo ń ra píkọ́ọ̀pù n'Ìbàdàn tí mo ń tún wọn tà, ó sì sàn ju kéèyàn máa wo ojú ẹni tó fẹ́ rà á lọ.

Wàyí o, ẹ wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Wá òòfà kékeré kan, irú èyí tí wọ́n máa ń yọ lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Fi áńkáṣíìfù wé e kó má baà ha ọ̀dà. Máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lára ọkọ̀: etí táyà lókè, abẹ́ ilẹ̀kùn níbi téèyàn ń gbẹ́sẹ̀ lé wọlé, àti kọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí omi òjò máa ń dúró sí. Níbi tí irin bá wà, òòfà á dì í mú. Níbi tó bá ti ń yọ̀ bọ́ọ́lẹ̀, fílà, ìyẹn àtẹ̀mọ́ tí kì í ṣe irin, ni páńẹ́ẹ̀lì bítà fi dí ibẹ̀, irin ti jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Tó bá jẹ́ ojú méjì tàbí mẹ́ta ni, kò burú fún ọkọ̀ ọjọ́ orí yẹn. Tó bá jẹ́ gbogbo abẹ́ ilẹ̀kùn, owó máa lọ níbẹ̀.

Dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, tàbí kí o rán ọmọkùnrin kan. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù 504 jókòó lórí sípíríǹgì olórí-orí, àwọn pẹlẹbẹ irin tí wọ́n tò lé ara wọn. Ẹrù kòkó tó ju agbára rẹ̀ lọ máa ń ṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn, alágbẹ̀dẹ á sì rọ òmíràn sí i. Wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ga ju ìkejì. Wo irin gbọọrọ tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bóyá wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì í. Wẹ́ẹ̀dì tó wà létí kì í ṣe nǹkan, èyí tó wà láàárín ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, èyí tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ara rẹ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ irin, tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ sì jẹ́ alumíníọ́mù. Tí rédíétọ̀ bá jò tí dẹ́rẹ́bà sì ń sáré lọ, òkè á tẹ̀, omi á máa dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí kí o wo inú rẹ̀. Tó bá dúdú tàbí tó bá pọ́n, ẹ dúpẹ́. Tó bá funfun tó sì ki bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ẹ yọ owó tọ́ọ̀pù sílíńdà àti gáskẹ́ẹ̀tì kúrò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ iye kankan. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti fi pákó rọ́pò rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan lójú àgbẹ̀. Ará Lyon ni ìyẹn máa bà nínú jẹ́.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká pe iye tí 504 píkọ́ọ̀pù tó dáa, tó ń rìn, tà ládùúgbò yín láìpẹ́ yìí ní 100. Ti yín ti jókòó fún ọdún méjì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, bátìrì ti kú, bíréèkì ti dì, epo inú táǹkì ti di ìdọ̀tí. Ká ní mẹkáníìkì ní gbogbo rẹ̀ máa gba 22. Ṣé 78 ló kù? Rárá o. Ẹni tó ń rà á á tún yọ owó wàhálà àti ti ẹ̀rù ohun tí kò tíì rí, ká pè é ní 10. Ó di 68. Tí àgbẹ̀ yín bá ń pe nǹkan bíi 60, kò rẹ́ yín jẹ, ẹ kàn bá a ná an díẹ̀ sí i ni. Tó bá ń pe 35, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Nǹkan kan wà tó máa ń mú owó pọ̀ sí i láìná púpọ̀: kí ọkọ̀ dáhùn nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bátìrì, epo tuntun, kí wọ́n fọ táǹkì, kí wọ́n tú kábúrétọ̀ palẹ̀. Ẹ má sì kọ́kọ́ mú un gbóná kí oníbàárà tó dé. Ẹni tó gbọ́n á fọwọ́ kan bọnẹ́ẹ̀tì kó tó kí yín, tó bá gbóná, á máa rò ó pé ẹ ń fi nǹkan pa mọ́.

Ìwé ńkọ́? Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé ọkọ̀, bàbá sì ti lọ. Tí wọn ò bá kọ ìwé ìhágún, ilé ẹjọ́ gíga, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ogún, ni ẹ ti máa gba àṣẹ láti pín dúkìá tàbí tà á. Oníbàárà tó mọ̀ pé ọmọ mẹ́rin ló wà àti pé ọ̀kan ń bínú ní Lyon kò ní san iye tó yẹ, torí kò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá kan ilẹ̀kùn òun lọ́la. Ẹ wá rìsíìtì 1986 náà. Tó bá wà, ó máa mú kí oníbàárà fọkàn balẹ̀.

Tó bá jẹ́ tèmi, àgbẹ̀ ni mo máa tà á fún. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí Lyon pé: iye tí àgbẹ̀ fẹ́ san nìyí, ìwọ náà san án fún àwa yòókù, kí o sì wá gbé ọkọ̀ bàbá rẹ lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ á san. Ẹni tó kàn ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, Houston ni mo ń gbé. Mo rí píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 ti 1970 kan, pupa, bẹ́ẹ̀dì gígùn. Ẹni tó ń tà á ń pe 28,000 dọ́là. Ó ní V8 (ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́jọ) tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀, pé wọ́n ti tún un ṣe látòkè délẹ̀, àti pé ìlọ́po méjì iye yìí ni irú rẹ̀ tà lórí tẹlifíṣọ̀n. Tó bá yá, mo lè fi ránṣẹ́ sílé. Ṣé kí n rà á?

Mú ọwọ́ kúrò lápò ná. Ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Pátákó irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Má retí nọ́ńbà onímẹ́tàdínlógún, ọdún 1981 ni ìyẹn di dandan. Tàwọn ti 1970 kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ á jẹ́ C, ìyẹn ni pé táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Tó bá jẹ́ K, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí. Lẹ́tà kejì gan-an ni mo ní kí o wò. E dúró fún V8, S dúró fún sílíńdà mẹ́fà. Tí o bá rí CS níbẹ̀, tí V8 sì wà lábẹ́ bọnẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì yẹn ò bá ọkọ̀ jáde nílé iṣẹ́, ohun yòówù tí ọkùnrin náà ìbáà máa sọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì o. Àmọ́ ó ti já iye rẹ̀ lulẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ ojúlówó, ó sì ti sọ fún ọ irú ẹni tí ò ń bá dúnàádúrà. Kí o tó kúrò níbẹ̀, ṣí píjin hóòlù. Ilé iṣẹ́ máa ń lẹ bébà kan mọ́ inú ìdérí rẹ̀ tó to àwọn nǹkan tí wọ́n fi kún ọkọ̀ náà. Tó bá ṣì wà tó sì ṣeé kà, ó sàn ju gbogbo àlàyé rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀dì gígùn ni ìyàtọ̀ kejì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ nìyẹn, èyí tó kúrú jẹ́ mẹ́fà àtààbọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ló fẹ́ràn gígùn nígbà náà, kúkúrú sì ni àwọn olówó ń lé kiri lónìí, kódà àwọn kan ń gé sààsí gígùn kúrú kí wọ́n lè tà á ní iye kúkúrú. Nítorí náà, bi í pé èwo ló tà ní ìlọ́po méjì lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kúkúrú ni. Ní ọjà gbàǹjo orí tẹlifíṣọ̀n bíi ti Barrett-Jackson tàbí Mecum, iná ń tàn, kámẹ́rà ń yà, olówó méjì ń fi ojú di ara wọn. Owó tí ẹni tó rà á ń san fún ilé gbàǹjo sì máa ń wà nínú iye tí wọ́n kéde. Dípò ìyẹn, wo Bring a Trailer, ọjà gbàǹjo orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí iye tí wọ́n tà wà ní gbangba, tí àwọn tí kò tà náà sì hàn. Wá C10 bẹ́ẹ̀dì gígùn láti 1967 sí 1972, bíi márùn-ún tó tà láìpẹ́. Jù èyí tó wọ́n jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o wá wo mẹ́ta tó kù.

Hagerty, ilé iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ àtijọ́, náà ní ìwé iye owó tó pín ọkọ̀ sí ipò 1 dé 4, 1 ló dára jù. Gbogbo ẹni tó ń tà ló gbà pé ipò 2 ni tòun wà. Èyí tí wọ́n ń gùn lọ ra èlò ọbẹ̀, tí ọ̀dà rẹ̀ dára láti ọ̀ọ́kán àmọ́ tó ní àbùkù tí o bá sún mọ́ ọn, 3 ni. Bẹ̀rẹ̀ láti 3, kí ó fi rìsíìtì mú ọ gòkè. "Látòkè délẹ̀" láìsí rìsíìtì, ọ̀dà lásán ni.

Texas ò da iyọ̀ sójú títì bíi tàwọn ará òkè ọ̀hún, ìyẹn dára. Àmọ́ Houston ni ò ń gbé, o sì mọ ohun tí ìkún omi ìjì Harvey ṣe ní 2017. Gbé kápẹ́ẹ̀tì. Tọ́wọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, wo inú iná iwájú bóyá ẹrẹ̀ fa ìlà síbẹ̀. Ka ìwé ọkọ̀ náà fúnra rẹ, kí o wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ti bò ó rí tàbí pé ilé iṣẹ́ adójútòfò ti sọ ọ́ nù. Tún fa òòfà tí mo sọ fún olùkọ́ Ìlárò lára kọ̀rọ̀ káàbù (ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí) àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ náà ni C10 ti ń jẹrà.

Mi ò ní san 28,000 lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ CE, tí rìsíìtì wà, tí àwọn mẹ́ta tí o rí sì wà nítòsí iye yẹn, bá a ná an kí o rà á. Tí o bá rà á, ilé iṣẹ́ adójútòfò tí ẹ jọ máa fẹnu kò lórí iye rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni kí o lọ, kì í ṣe èyí tó máa pè é ní ọkọ̀ ọdún 1970 tí ò níye lórí nígbà tí ẹnìkan bá kọ lù ọ́.

Ti kí o fi ránṣẹ́ sílé, gbàgbé ẹ̀. Ìjọba wa ní gbèdéke ọjọ́ orí fún ọkọ̀ àlòkù tó ń wọlé, 1970 sì ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Kódà tó bá wọlé, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ọkọ̀ ọdún wo ni. Wọ́n á bi ọ́ pé gálọ́ọ̀nù mélòó ló ń jẹ dé Ṣàgámù.

Ọmọ mi, Datsun píkọ́ọ̀pù mi, 720, ti nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnnì ò yí mọ́ rárá. Ọmọ ọmọ mi ní kí n pe oníirin. Mo ti fi ọkọ̀ yìí kọ́ ilé, mo fi rán àwọn ọmọ níwèé. Ṣé irin lásán ni lóòótọ́? *Bàbá àgbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́.*

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má pe oníirin o. Tàbí kí ẹ pè é, kí ẹ gbọ́ iye tó ń ra kílò lónìí, kí ẹ sì ní kó máa lọ. Ìyẹn ni ilẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ tà á ní iye tó lọ sísàlẹ̀ ju ibẹ̀.

Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ṣe 720, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Nissan fi orúkọ Datsun sílẹ̀. Àwọn tó ṣì ń lò ó wà káàkiri, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń ṣọ̀wọ́n fún wọn. Gíà, ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, gíláàsì iwájú tí kò sán, ilẹ̀kùn tí kò jẹrà, iná, ọwọ́ ìdarí: gbogbo èyí lójú ẹni tó ní 720 tó ń rìn, owó ni. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ bi àwọn mẹkáníìkì pé ta ló ṣì ń wa irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin. Ẹ tà á fún un lódindi. Tí ẹ bá ní ẹ máa tú u tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí owó jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni méjìlá ni yóò máa kan ilẹ̀kùn yín, èyí tó ṣẹ́ kù á sì jókòó sí iwájú ilé títí.

Ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n tẹ DATSUN sí gàgàrà, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ dá iye tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń wá a. Tí inú yín ò bá sì gbà kí ẹ tà á, ẹ gbé e kọ́ ògiri, ọmọ ọmọ yín á mọ ohun tó sanwó ilé ìwé bàbá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ta Hilux 1990 mi. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Ṣé kí n kùn ún kí owó rẹ̀ lè gòkè? *Òṣogbo.*

Má kùn ún. Ọ̀dà tó ṣá jẹ́ kí oníbàárà rí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì ni ohun tó ń san owó fún. Ọ̀dà tuntun lórí ọkọ̀ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún á mú kó máa wá ohun tí ò ń bò mọ́lẹ̀, kò sì ní san owó ọ̀dà yẹn padà fún ọ. Fọ̀ ọ́ dáadáa, nu inú rẹ̀, jẹ́ kí gbogbo iná tàn, kó àwọn rìsíìtì mẹkáníìkì rẹ jọ sínú ọ̀rá kan.

Tí o bá ti kùn ún kí ìwé yìí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, fi àwòrán tí o yà kí o tó kùn ún han ẹni tó fẹ́ rà á. Tí o ò bá ya àwòrán, múra sílẹ̀, á bá ọ ná an gan-an.